Ẹni Tó Ń Dáhùn Ẹ Káàárọ̀ Lọ́sàn-án

Orúnkún mi méjèèjì wà lórí símẹ́ńtì tútù, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ń ṣàn gba abẹ́ wọn kọjá. "Ẹ káàárọ̀ mà." Mo ti wí i nígbà mẹ́ta. Ìyá àgbà tí mo kúnlẹ̀ fún jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Wọ́n ti rẹ aṣọ kan sínú omi gbígbóná, wọ́n fún un, wọ́n fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ooru rẹ̀ ń gòkè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọn ò dáhùn. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ wọn kejì ni wọ́n gbé sókè díẹ̀, wọ́n sì tún dá a padà sórí itan.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Nílé tiwa, ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà kì í dìde títí àgbà yóò fi dá a lóhùn. Ìsẹ́yìn la ti wá sí Ìkòròdú nígbà tí bàbá mi ríṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ kan, yàrá kan ṣoṣo la sì gbà ní Lasunwọn, nínú ilé gígùn kan tí yàrá mẹ́jọ ti kọjú síra wọn. A ò ní nǹkan kan tí a lè fi yangàn láàárín àwọn ará ilé yẹn ju ìkíni wa lọ. Màmá mi máa ń sọ pé ẹni tí kò bá dá ọmọ lóhùn, ó ní ohun tó ń bá ìyá ọmọ náà fà. Mo dìde fúnra mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wọ yàrá wa lọ, mo sunkún pé ìyá yẹn ò dá mi lóhùn.

Mo ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún báyìí tí mo ń sọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi. Ìyá àgbà náà kọ́ ni inú ń bí mi sí mọ́.

Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹnu ayé ti jẹ orúkọ náà tó nígbà tí wọ́n wà láàyè. Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, àwọ̀n ni wọ́n ń hun, àwọ̀n ni wọ́n sì ń tún ṣe fún àwọn apẹja etí ọ̀sà. Ó ní bí ògiri wọn ṣe máa ń rí: àwọ̀n ńlá, àwọ̀n kékeré, ọ̀kan lórí èkejì, títí dé òkè àjà. Bí a bá ń gba iwájú yàrá náà kọjá, òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà àti ti ìpẹ́ ẹja gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ pàdé wa, a ó tún gbọ́ òjé tí wọ́n so mọ́ ìdí àwọ̀n kí ó lè rì, tó ń fara gbolẹ̀, ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́, bí wọ́n ti ń fa àwọ̀n náà sún mọ́ra. Ọwọ́ òsì wọn á di pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn ojú àwọ̀n mú, ọwọ́ ọ̀tún á ki abẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀ jáde. Eyín ni ọwọ́ wọn kẹta. Bí wọ́n bá ti ta kókó tán, wọ́n á fi eyín ẹ̀yìn gbá ìdí okùn mú, wọ́n á ju orí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kókó náà á sì le bí òkúta. Bí ìyá tó bí wọn ti kọ́ wọn nìyẹn láti kékeré. Ẹ bá mi ka iye kókó tí ẹnu kan lè fà láàárín ọgọ́ta ọdún.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo sunkún yẹn, màmá mi jáde pẹ̀lú ìró tí wọ́n ró mọ́ àyà. Wọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀, torí ìbínú kì í gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ará wa.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀."

Ìyá àgbà wò wọ́n. Wọ́n gbé aṣọ gbígbóná náà sílẹ̀, wọ́n na ìka méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

"Èmi?" Màmá mi ti dìde. "Èmi lẹ̀ ń sọ fún pé kí n pa ẹnu mọ́? Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ ní kí n pa ẹnu mọ́?"

Ìyá àgbà ń mi orí, wọ́n ń mi ọwọ́, omi lé ròrò sójú wọn. Ìyẹn ló tún dá kún un. Nínú yàrá mẹ́jọ, mẹ́ta ti ṣílẹ̀kùn láti wòran.

Nígbà tí oòrùn ti kúrò lára ògiri, tó ti dé orí àpótí wọn, ìró kan jáde lẹ́nu ọ̀nà wọn: kọ́. Bí ìgbà tí ẹnìkan ṣí àgádágodo. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa.

"Ìyàwó, ẹ má bínú. Mo jíire. Ẹ ṣé tí ẹ kí mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn náà, mo gbọ́ ẹ káàárọ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu mi ni kì í ṣí láàárọ̀."

"Ẹnu yín kì í ṣí?"

"Ó ń há. Ibí yìí." Wọ́n fi ìka tẹ iwájú etí. "Bí mo bá fi tipátipá ṣí i, gbogbo orí ni yóò máa ro mí."

"Ìyá, ilẹ̀kùn ló ń há. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹnu há?"

"Èmi náà ò gbọ́ ọ rí, títí tó fi há."

Màmá mi rẹ́rìn-ín kan tí mo mọ̀, ẹ̀rín tí wọ́n fi ń dá ọlọ́jà tó bá pe ọjà rẹ̀ lówó gọbọi lóhùn. "Ẹnu tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ lánàá, tó wá há láàárọ̀ kí a tó kí i. Ó dáa, ìyá. A ti gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ìyá àgbà náà pẹ̀lú ojú méjì. Lójoojúmọ́, bí àgádágodo yẹn bá ti ṣí, wọ́n á dìde kúrò lórí àpótí, wọ́n á máa lọ láti yàrá dé yàrá, wọ́n á máa dá gbogbo ìkíni àárọ̀ padà fún àwọn tó ni ín. "Ìyá Ìbejì, mo jíire o, ṣé àwọn ọmọ sùn dáadáa?" "Bàbá, ẹ káàárọ̀, mo gbọ́ yín nígbà tí ẹ ń jáde." Gbogbo rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń gbé ìkòkò ọ̀sán kaná. Ìyàwó télọ̀ tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwọn ló sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bó bá ti rí wọn lókèèrè, á ké sí gbogbo ilé pé, "Ẹ dìde o, ilẹ̀ ti mọ́ ní Ẹ̀pẹ́." Ilé á sì rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń lọ, torí wọ́n máa ń fún mi lókùn wé mọ́ abẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń fi mí ṣeré. "Ọmọ Ọ̀yọ́, mo jíire. Ìwọ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti gbẹ?" Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n léèrè ohun tó ń dún ní ẹnu wọn. Wọ́n ní, "Gbé ọwọ́ rẹ wá." Wọ́n mú ìka mi méjì, wọ́n gbé e síwájú etí wọn, ibi tí àgbọ̀n ti pàdé orí. Wọ́n la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi, nǹkan kan tó fò kúrò nípò rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ tó yí lábẹ́ awọ. Wọ́n pa ẹnu dé, ó tún fò padà. Ojú wọn fún pọ̀.

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Wàyí, àwa méjì la ti gbọ́ ọ."

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìka méjì yẹn.

Nígbà tí ìrora náà kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹ ju ògì àti ìkọ́kọrẹ́ lọ mọ́, wọ́n lọ sí ibi ìtọ́jú eyín kan. Èmi ni mo gbé agbòjò tẹ̀lé wọn, torí oòrùn ọ̀sán mú lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀, ẹ foríjì mí, mi ò ní fi "wọ́n" pọ́n ọn lé. Kò bá wọn fọwọ́ kan etí. Kò ní kí wọ́n la ẹnu kí ó sì pa á dé. Ìbéèrè kan ló bi wọ́n: "Ìyá, ẹ tó ọmọ ọdún mélòó?"

Wọ́n sọ fún un.

"Hẹn-ẹn. Ogbó ni."

Ó fún wọn ní oògùn funfun, a padà sílé. A tún lọ. Ogbó ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ìyá àgbà sọ fún un pé, "Dókítà, mo mọ̀ pé mo gbó. Mi ò wá kí ẹ tún ọjọ́ orí mi ṣe. Ẹnu ni mo gbé wá." Inú bí i. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí òun ṣe nǹkan, òun á ṣe nǹkan. Ó yọ eyín ẹ̀yìn kan.

Bí ọmọdé bá ní ẹnu ń dun òun, ẹnu ọmọ náà la ó yẹ̀ wò. Bí arúgbó bá ní ẹnu ń dun òun, ọjọ́ orí rẹ̀ la ó bi í. Ọ̀rọ̀ yìí, ogbó, a ti sọ ọ́ di aṣọ tí a fi ń bo àìsàn tí a ò fẹ́ wò. Orúnkún, ogbó ni. Ojú, ogbó ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ á sọ ọ́ tán, á nu ọwọ́, á pe ẹni tó kàn. Bí ẹni pé ènìyàn tó ti gbó kò ní ara mọ́.

Eyín tí ó yọ náà wà nínú abọ́ irin. Ìyá àgbà ní kí ó jẹ́ kí òun rí i. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Ó funfun bí inú àgbọn, kò sí ibì kan tí kòkòrò jẹ lára rẹ̀.

"Ihò rẹ̀ dà?" wọ́n bi í, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn.

"Inú lọ́hùn-ún ni ihò rẹ̀ wà, ìyá."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ó yọ ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ó yọ ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ló funfun, gbogbo wọn ló ní ihò tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ìyá àgbà so wọ́n mọ́ etí ìró wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbọ̀n há gẹ́gẹ́ bó ti ń há, ó sì dún kọ́ lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bó ti ń dún. Ohun tó yí padà ni pé ọwọ́ kẹta ti lọ. Okùn tí wọ́n bá gbá mú á yọ̀ bọ́ láàárín èrìgì. Láìpẹ́ apẹja kan gbé àwọ̀n rẹ̀ padà wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú wọn.

"Ìyá, ẹ wo ojú àwọ̀n, ó ti fẹ̀. Kókó yín ń yọ̀. Ẹja ń jáde."

"Wọ́n ti gbọ́ nínú omi pé mi ò léyín mọ́," ni wọ́n wí. Apẹja náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbé àwọ̀n míràn wá mọ́. Àwọn yòókù náà ò gbé e wá.

Bí ẹni kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, oorun ọ̀sán á máa gbé e. Ìyá àgbà á sùn lọ lórí àpótí, ẹ̀yìn wọn á fara ti ògiri, àgbọ̀n náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀, wọ́n á máa payínkeke pẹ̀lú ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́ kù. Kò sí àrà tó wà níbẹ̀. Ara tó ń ro wọ́n ni. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti ń wá nǹkan sọ nípa ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti bá wọn délé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti gbálẹ̀ tán, bàbá onílé ní kí gbogbo ayálégbé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé àga fún bàbá. Ìyàwó télọ̀ ló bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà wá ni. Ẹni tí a ó kí láàárọ̀ tí kò ní dáhùn. Bó bá sì sùn lọ́sàn-án, yóò máa jẹ nǹkan. Ẹ bá mi bi í, kí ló ń jẹ lójú oorun tí a ò rí nínú àwo?"

Kò dárúkọ ohun tó rò. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà ní, "Àgbọ̀n mi ló ń ṣàìsàn."

Bàbá onílé ní, "Ṣé ẹ ti lọ síbi ìtọ́jú?"

"Mo ti lọ."

"Kí ni wọ́n ní ó jẹ́?"

Ìyá àgbà fọwọ́ tẹ iwájú etí. "Wọ́n ní ogbó ni."

"Ẹ ò rí i," ni bàbá onílé wí, "kò sí àìsàn kankan." Wọ́n wò yíká, ojú wọn sì bọ́ sára mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọdé kì í parọ́. Ṣé ìyá yìí máa ń dá ọ lóhùn láàárọ̀?"

Mo wo màmá mi. Màmá mi wo ilẹ̀.

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán..."

"Àárọ̀ ni mo bi ọ́."

"Rárá, sà."

Ìka mi méjì tó ti kan òkúta wẹ́wẹ́ náà wà lára mi. Mi ò gbé wọn sókè. Ìyá àgbà ló gbà mí sílẹ̀, àwọn tí mo ṣẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Kò parọ́. Àárọ̀ lẹ bi í." Bàbá onílé fún wọn ní òpin oṣù láti kó jáde.

Òwúrọ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó kó wọn padà sí Ẹ̀pẹ́ dé, torí awakọ̀ fẹ́ kọjá Agbowa kí ọ̀nà tó dí. Wọ́n ká àwọ̀n kúrò lára ògiri, òjé ń dún ṣẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú mà." Wọ́n wò mí láti iwájú ọkọ̀, aṣọ gbígbóná wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹnu wọn há. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sókè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó kó ẹja wá láti Ẹ̀pẹ́ wọ ilé wa, ó ń béèrè yàrá ọmọ Ọ̀yọ́. Màmá mi jáde sí i.

"Ìyá kan lọ́hùn-ún ló rán mi. Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ yín pé àwọn jíire."

"Kí lẹ wí?"

"Bí wọ́n ṣe rán mi nìyẹn. Wọ́n ní ọmọ náà kí àwọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ò ráyè dá a lóhùn. Wọ́n ní àwọn jíire, ṣé òun náà jíire?"

Màmá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìrẹsì tó wà lórí iná jóná mọ́ ìkòkò, àwa ọmọ ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Títí màmá mi fi kú, wọn ò fi ẹ̀rín ọlọ́jà yẹn dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Nígbà tí mo dàgbà tó láti wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ fúnra mi, àwọn ará ibẹ̀ fi ibi tí wọ́n sin ìyá àgbà sí hàn mí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àgbọ̀n tèmi náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo lọ sí ibi ìtọ́jú tó wà nítòsí wa, nọ́ọ̀sì kan tí mo lè bí ọmọ tó bí i kò tíì gbé ojú kúrò lórí ìwé tó fi sọ fún mi pé, "Màmá, ogbó ni." Ó tó àádọ́ta ọdún sígbà ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yí padà. Mo ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi àti ti ọ̀tún. Kí ló dé tí ọ̀kan fi gbó tí èkejì ò gbó?" Ó pe ẹni tó kàn. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sí ibòmíràn.

Níbẹ̀ ni dókítà eyín kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ti dìde dúró lẹ́yìn mi. Ó gbé ìka méjì síwájú etí mi. "Màmá, ẹ la ẹnu. Ẹ pa á dé. Ẹ tún la á." Ó tẹ́tí. Ó ní, "Oríkèé àgbọ̀n ni, mà. Eyín yín ò ṣe nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Ó ní kí n máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kí n máa jẹ ohun tó rọ̀, kí n má ṣe fi eyín já okùn tàbí fọ́ egungun. Ó ní òun á wọn ẹnu mi, òun á ṣe nǹkan pẹlẹbẹ kan tí mo máa fi sáàárín eyín bí mo bá fẹ́ sùn, kí wọ́n má bàa máa lọ ara wọn. Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ìka òun ló dùn mí, ó ń bẹ̀ mí.

Àyẹ̀wò náà kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹnikẹ́ni tó ní ìka ì bá ti ṣe é. Aṣọ gbígbóná tó ní kí n máa lò, ìyá àgbà ti rí i fúnra wọn lórí àpótí, kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Àwọn nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe àwọn, àwọn nìkan sì ni a ò gbà gbọ́. Mo ṣì ní abẹ́rẹ́ náà, oparun rẹ̀ ti pọ́n, ó ń dán. Ohun kejì tí mo ń gbé kiri wúwo jù ú lọ: mo sọ òótọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, òótọ́ náà ló sì lé arúgbó jáde nílé.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo ń gbé báyìí, ní ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú níbí, níbi tí gbogbo wọn ti ń jáde lọ síṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin kékeré tó wà ní ilé kejì kúnlẹ̀ fún mi lẹ́nu géètì, báàgì ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà." Ẹnu mi ti há. Mo gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sókè. Ó dúró lórí orúnkún díẹ̀, ó wo abẹ́rẹ́, ó wo ojú mi, ó dìde lọ.

Nígbà tí ó máa fi dé lọ́sàn-án, mo ti wà lẹ́nu géètì, mo ń retí rẹ̀.

"Mo jíire, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?"

"Màmá, ọ̀sán ti lé."

"Mo mọ̀. Ti àárọ̀ ni mo ń dá ọ lóhùn."

Ó wò mí títí. Ó wá sáré wọlé lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo fara ti géètì, ìka mi méjì wà níwájú etí, mo ń retí ohun tí ìyá rẹ̀ yóò jáde wá wí.